Hilux 1985 tí bàbá mi fi sílẹ̀: ṣé kí n kọ́kọ́ gbé e ga ni?

"Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́. Bàbá mi fi Toyota pickup 4x4 ọdún 1985 sílẹ̀ fún mi. Ẹ́ńjìnnì 22R oníkábúrétọ̀ ni, gíà ọlọ́wọ́ 5, ẹnikẹ́ni ò sì tíì yí ohunkóhun padà lára rẹ̀. Mo fẹ́ máa fi gba ọ̀nà igbó àti ọ̀nà olókùúta, àmọ́ mo ṣì fẹ́ máa gbé e lọ síbi iṣẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n kọ́kọ́ ra sípíríǹgì tí yóò gbé e ga ní íǹṣì 5, kí n fi táyà íǹṣì 35 sí i, pé ìyókù á tẹ̀lé e. Owó ọwọ́ mi kò lè ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ni kí n fi ṣáájú?"

Àbúrò mi, kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá sáfẹ́fẹ́ rere. Ọkọ̀ gidi ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ọ, o sì ṣeun tí o béèrè kí o tó náwó. Òótọ́ ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ sọ pé ìyókù á tẹ̀lé e. Ohun tí wọn ò sọ fún ọ ni irú ìyókù tó ń bọ̀: ṣáfútì tó ń gbọ̀n, sítíárìn tó ń já mọ́ ẹni lọ́wọ́, ẹ́ńjìnnì tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, birfield, ìyẹn oríkèé tó ń gbé agbára dé táyà iwájú, tó fọ́ sáàárín igbó. Lójú tèmi, gíga ló yẹ kó kẹ́yìn. Ọkọ̀ tó fẹ́ gun àpáta nílò ohun méjì ju gíga lọ: kí táyà rẹ̀ máa di ilẹ̀ mú, kí òun fúnra rẹ̀ sì lè rìn pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀.

Èmi náà ti jìn sí kòtò yìí rí. Sípíríǹgì agbéga íǹṣì 6 ni mo kọ́kọ́ rà fún pickup mi àkọ́kọ́. Ó ga, ó dùn ún wò, èmi náà sì ń yan bí ọba nínú rẹ̀. Kò pé oṣù méjì tí mo fi gba ẹ̀gbẹ́ òkè kan tó dà sí ọ̀tún díẹ̀. Ọkọ̀ mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ò gbé ga ti kọjá níwájú mi. Nígbà tí tèmi débẹ̀, ó rò ó díẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ bíi màlúù tó rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣèṣe, àmọ́ ìlẹ̀kùn ọ̀tún ọkọ̀ náà ò ṣí dáadáa mọ́ títí mo fi tà á.

Bẹ̀rẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ rẹ wò. Ibi tó rẹlẹ̀ jù níbẹ̀ ni agbọ̀n dífù, ìyẹn àpótí gíà tó ń pín agbára fún táyà ọ̀tún àti tòsì, tó wà láàárín axle, irin tó so táyà méjèèjì pọ̀. Orí axle ni sípíríǹgì jókòó sí. Nítorí náà, bí o bá gbé sípíríǹgì ga ní íǹṣì 5, ara ọkọ̀ ló gòkè, àti ẹ̀yin tí ẹ jókòó sínú rẹ̀. Dífù wà níbi tó wà láti àárọ̀, òkúta tó ń gbá a tẹ́lẹ̀ náà ni yóò máa gbá a. Táyà nìkan ló ń gbé dífù, ìdajì ló sì fi ń gbé e: bí o bá yọ táyà íǹṣì 28, tí o fi 33 sí i, ìyàtọ̀ àárín wọn jẹ́ 5, dífù á fi 2.5 gòkè. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí sípíríǹgì gíga ń ṣe ni pé ó ń wá àyè fún táyà ńlá kó má baà ha ara ọkọ̀. Bí àyè bá ti tó, gbogbo íǹṣì tó lé lórí rẹ̀ ń sún ọ súnmọ́ ohun tó ṣe mí yẹn.

Ìròyìn ayọ̀ ni pé ọkọ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wá kiri. Axle iwájú rẹ̀ jẹ́ irin kan gbọọrọ láti táyà ọ̀tún dé táyà òsì. Ní Amẹ́ríkà, àwòṣe 1985 ló kẹ́yìn tí Toyota ṣe pickup yìí bẹ́ẹ̀. Láti 1986 ni wọ́n ti gbé iwájú rẹ̀ sórí apá méjì tó ń dá ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìyẹn tura lójú títì. Lórí òkúta, axle onírin kan dára jù, nítorí bí òkúta bá ti táyà kan sókè, irin yẹn kan náà ló ń tẹ ìkejì mọ́lẹ̀. Ohun mìíràn tí mo fẹ́ràn lára rẹ̀ ni pé odidi dífù ṣeé tú jáde látinú axle bí ẹni yọ ọkàn agbọn, èyí tó wà níwájú àti èyí tó wà lẹ́yìn sì ṣeé fi pààrọ̀ ara wọn. Lórí tábìlì ni wàá ti tún un ṣe, kì í ṣe lórí ẹ̀yìn rẹ nínú ẹrẹ̀.

Àmọ́ ọkọ̀ 1985 ti dàgbà. Kí o tó fi ohunkóhun kún un, mọ ohun tó ti jẹ tán lára rẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí owó rẹ àkọ́kọ́ wọlé sí.

Mú hámà kékeré, wọ abẹ́ ọkọ̀, máa kan ṣáàsì díẹ̀díẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Irin tó yè á dún kéń. Èyí tí ó ti dógùn-ún jẹ á dún bòòkù. Tẹjú mọ́ ibi tí wọ́n so sípíríǹgì ẹ̀yìn mọ́, àti ibi tí ẹrẹ̀ ti máa ń kó jọ sẹ́yìn ilé awakọ̀. Fọ ẹ̀gbẹ́ ibi tí àpótí sítíárìn wà, kí o tan iná sí i, kí o wò ó bóyá ó ti là. Ibẹ̀ máa ń là lára ọkọ̀ tí wọ́n ti fi táyà ńlá fìyà jẹ. Bí ṣáàsì bá ti jẹrà, jó irin tuntun sí i kí o tó ra ohunkóhun mìíràn.

Lẹ́yìn èyí, lọ sẹ́yìn táyà iwájú. Wàá rí irin roboto bí àgbá kékeré, tó ń yí bí o bá yí sítíárìn. Inú rẹ̀ ni birfield ń gbé, ìyẹn oríkèé tó ń jẹ́ kí táyà lè yí sọ́tùn-ún tàbí sósì kó sì tún máa gba agbára. Inú gíríìsì ló gbọ́dọ̀ máa gbé. Bí o bá rí i pé ẹ̀yìn irin roboto yẹn tutù rinrin, tí ọ́ìlì dúdú ṣíṣàn ń jò níbẹ̀, síìlì tó wà nínú axle ló ti ya. Ọ́ìlì dífù ń ṣàn wọlé, ó ń fọ gíríìsì kúrò lára birfield. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì á pààrọ̀ rọ́bà ìta tó hàn sójú, wọ́n á gba owó, ó sì tún máa jò lóṣù tó ń bọ̀, torí ti inú ni aláìsàn. Tú u délẹ̀. Nígbà tí o bá ti tú u, pààrọ̀ bẹ́ríìnì òkè àti ìsàlẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ ń yí lé lórí. Láti mọ̀ bóyá wọ́n ti jẹ, fi jáàkì gbé iwájú, di orí táyà àti ìdí rẹ̀ mú, kí o mì ín. Kò yẹ kó mì rárá.

Apá irin tó ń yí táyà, bóòtù mẹ́rin ló dè é mọ́ irin roboto yìí, pẹ̀lú wáṣà tó rí bí òkòtó. Nọ́ọ̀tì wọn máa ń tú díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ kéèyàn mọ̀. Tí wọ́n bá ti tú, apá náà á máa jó, bóòtù á já, sítíárìn rẹ á sì di ọ̀ṣọ́. Mo máa ń fi sípánà kàn wọ́n lẹ́yìn gbogbo ìrìn àjò, bí mo tilẹ̀ dé lálẹ́.

Ẹ́ńjìnnì 22R fúnra rẹ̀, 2,366 cc, kì í tètè kú. Àléébù rẹ̀ kan tí o gbọ́dọ̀ mọ̀ ni ṣéènì tó wà níwájú rẹ̀. Láti nǹkan bí 1983 ni wọ́n ti lo ṣéènì onílà kan, ike ni ohun tó sì ń tọ́ ọ sọ́nà. Ike yẹn máa ń gbó, á sì kán. Bí o bá ń gbọ́ kẹ̀kẹ̀kẹ̀ níwájú ẹ́ńjìnnì láàárọ̀ kó tó gbóná, má fi ṣeré: ṣéènì ti ń fi ara ha ìdérí irin, bó bá sì ha á já, omi rédíétọ̀ á dà sínú ọ́ìlì. Atọ́nà onírin wà lọ́jà tí wọ́n ń fi rọ́pò oníke. Irú rẹ̀ ni kí o fi sí i.

Bíréèkì, ìgbánú ìjókòó, okùn bátìrì: ìwọ náà mọ ìyẹn.

Bí gbogbo èyí bá ti dúró, ra táyà. 31x10.50R15 ni mo máa ní kí o rà, kì í ṣe 35. Ó máa ń wọ abẹ́ ọkọ̀ yìí láìgbé e ga. Bóyá wàá gé etí ike díẹ̀ tàbí kí o fi òòlù lu ètè irin kan wọlé. Má ra ríìmù tó yọ síta jù nítorí ẹwà, bẹ́ríìnì táyà ló ń san gbèsè rẹ̀. Nígbà tí o bá dé ẹnu ọ̀nà igbó, sọ atẹ́gùn táyà kalẹ̀ láti 30 tàbí 35 psi tó fi ń rìn lójú títì, sí 15 sí 18. Àbúrò mi, kò sí ohun tí owó lè rà tó dà bí èyí tí kò gba owó rárá. Táyà á rọ̀, á tẹ́, á gbá òkúta mọ́ra bí ọwọ́ ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù mú. Ìjókòó rẹ á sì dẹ́kun gbígbọ̀n. Má lọ sí ìsàlẹ̀ 12 pẹ̀lú ríìmù lásán, torí etí táyà lè bọ́ kúrò lára rẹ̀ níbi tí o ti ń yí sítíárìn. Ra ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré tí bátìrì ń gbé, kí o lè fẹ́ ẹ padà kó o tó gun títì.

Jó ìkọ́ ìfàyọ gidi mọ́ ṣáàsì tàbí kí o fi bóòtù líle dè é, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so okùn mọ́ bọ́ọ̀lù irin tí wọ́n fi ń fa tírélà láti fi yọ ọ́ nínú ẹrẹ̀. Bọ́ọ̀lù yẹn máa ń já, bó bá sì já, bí ọta ìbọn ló ṣe ń fò. Ó ti pa èèyàn.

Ó wá kan ohun tí mo kà sí àyípadà tó lérè jù lọ: locker fún axle ẹ̀yìn. Bí dífù lásán ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé ohun tí táyà tó rọrùn jù lè gbà nìkan ni ìkejì náà ń rí gbà. Ìdí nìyẹn tí wàá fi rí ọkọ̀ tí táyà kan rẹ̀ ń yí fìrìfìrì lókè, tí ìkejì tó wà lórí àpáta gbígbẹ dúró bí òpó. Locker ń so méjèèjì pọ̀ kí wọ́n jọ máa yí. Mo ti rí pickup tí kò ga rárá, tó ní locker lẹ́yìn, tó gun ibi tí èyí tó ga ju ènìyàn lọ ti ń fi táyà wa kòtò.

Mẹ́ta ni irú rẹ̀. Àwọn kan máa ń jó gíà inú dífù pọ̀ tí kò ní tú mọ́ láé. Kò wọ́n, àmọ́ ìwọ tó ń gbé ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́, jọ̀wọ́ má ṣe é, torí táyà á máa ké ní gbogbo kọ́nà, á máa jẹ, sítíárìn á sì máa ṣe orí kunkun. Èkejì ń dè fúnra rẹ̀ tó sì ń tú fúnra rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, ó kàn máa ń dún gbàmù nígbà tí o kò retí ni. Ẹ̀kẹta ni èyí tí wàá fi bọ́tìnnì dè nígbà tí o bá fẹ́, afẹ́fẹ́ ló sábà máa ń tì í. Òun ló wọ́n jù, òun ni mo sì máa ní kí o fowó pamọ́ fún. Ó ní ewu kan tí àwọn tó ń tà á kì í sọ: lórí ilẹ̀ yíyọ̀ tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí táyà ẹ̀yìn méjèèjì bá jọ yọ̀, ìdí ọkọ̀ á ṣàn lọ sísàlẹ̀. Tú u sílẹ̀ níbi bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi, Yorùbá ló sọ ọ́, àfi bíi pé wọ́n ti wa pickup rí. Gíà ni ẹ̀sọ̀ ọkọ̀. Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Gíábọ́ọ̀sì W56 tí wọ́n máa ń bá lára ọkọ̀ ìgbà yẹn, gíà kìíní rẹ̀ jẹ́ 3.95. Transfer case, ìyẹn àpótí gíà tó ń pín agbára síwájú àti sẹ́yìn, 2.28 ni gíà kékeré rẹ̀. Ká ní gíà inú axle rẹ jẹ́ 4.10. Sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ìlọ́po ara wọn: ó tó 37. Ìyẹn ni pé ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ yí ní ìgbà 37 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí 800 láàárín ìṣẹ́jú kan láìtẹ tọ́tù, pẹ̀lú táyà 28, eré rẹ jẹ́ bíi kìlómítà 2.9 ní wákàtí kan. Fi táyà 35 sí i láìfọwọ́ kan gíà, ó di 3.6. Ṣé o rí i? Owó ńlá lo ná láti sọ ọkọ̀ tó yẹ kó rọra lọ di ọkọ̀ tó ń sáré, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tún ń jà láti gbé táyà tó wúwo. Lo bá ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ sókè lórí òkúta títí tó fi ń rùn.

Wọ́n ń ta gíà 4.7 tí wọ́n ń fi rọ́pò 2.28 nínú transfer case yìí. Fi ìyẹn sí i, fi 4.88 sínú axle méjèèjì, ìlọ́po rẹ̀ á lé ní 90. Pẹ̀lú táyà 33, eré rẹ á di nǹkan bíi kìlómítà 1.4 ní wákàtí kan. Wàá lè ṣí ìlẹ̀kùn kí o wo òkúta tí táyà ń gùn, láìtẹ ohunkóhun. Àwọn mìíràn á so transfer case méjì tẹ̀léra, torí pé gíà ló ń wa á, ó sì ṣeé pín sí méjì, 2.28 lọ́nà 2.28 jẹ́ bíi 5.2, gíà kékeré tàtijọ́ sì ṣì wà níbẹ̀ fún ìgbà tí o bá fẹ́ ẹ. Èyí tó bá wù ọ́ nínú méjèèjì dára. Ohun tí kò dára ni kí axle iwájú jẹ́ iye kan, kí tẹ̀yìn jẹ́ òmíràn; wọ́n á bá ara wọn jà títí nǹkan kan á fi já.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ká tó sọ̀rọ̀ gíga. Íǹṣì 3 tó fún táyà 33 bí o bá múra láti gé etí ara ọkọ̀ díẹ̀. Ra sípíríǹgì tó rọ̀, má ra èyí tó le bí pákó. Kí táyà lè sọ̀kalẹ̀ wọ kòtò ni a ṣe ń wá a. Mú okùn bíréèkì rẹ gùn, torí bí axle bá sọ̀kalẹ̀ tán, okùn àtijọ́ ni yóò máa dá a dúró títí yóò fi já. Fálùfù bíréèkì kan wà lẹ́yìn tí ọ̀pá kékeré so mọ́ axle: bí ara ọkọ̀ bá jìnnà sí axle, ó máa ń rò pé kò sẹ́rù lẹ́yìn, á sì dín agbára bíréèkì ẹ̀yìn kù. Gbé ibi tí wọ́n so ó mọ́ ga bí o ṣe gbé ọkọ̀ ga.

Sítíárìn rẹ náà á bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Lára àwòṣe yìí, ọ̀pá tó ti àpótí sítíárìn wá ń tì síwájú, ó ń fà sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáàsì. Bí o bá gbé ọkọ̀ ga, ọ̀pá yẹn á dagun, gbogbo ìgbà tí axle bá fò sókè, táyà á yí fúnra rẹ̀. Ní íǹṣì 3, ó ṣeé fara dà. Bó bá ti jù bẹ́ẹ̀ lọ, àpótí sítíárìn látara àwòṣe 1986 sókè ni wọ́n ń gbé wá, pẹ̀lú ọ̀pá tó gba òkè sípíríǹgì kọjá lọ sí òdì kejì. Ẹni tó bá ṣe èyí láìjó irin tó nípọn mọ́ ṣáàsì níbẹ̀ ti fowó ra ṣáàsì lílà tí mo ní kí o fi iná wá.

Ohun kékeré méjì tó kù. Axle kọ̀ọ̀kan ní ihò tó fi ń mí. Bí dífù tó gbóná bá wọ odò tútù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sún kì, á fa omi wọlé, ọ́ìlì á funfun bíi wàrà. Fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gbé ẹnu ihò náà dé òkè ẹ́ńjìnnì. Kábúrétọ̀ ńkọ́? Lórí òkè tó dà gan-an, epo inú rẹ̀ á wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ́ńjìnnì á sì kú. Fara dà á ná. Bó bá di pé ó ń kú ní gbogbo ìrìn, ìgbà yẹn la ó mọ̀ bóyá ó yẹ kí o wá ti 22RE, ìyẹn irú ẹ́ńjìnnì yìí tí kò lo kábúrétọ̀.

Ní ti birfield, ọ̀nà tí o fi ń wa ọkọ̀ ló ń dáàbò bò ó jù. Bó ṣe máa ń fọ́ nìyí: o ti yí sítíárìn dé òpin, táyà iwájú há sábẹ́ òkúta, o wá tẹ tọ́tù. Ó máa ń dún bí ìbọn, èmi náà ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Bí táyà bá há, dá sítíárìn padà sí bíi ìlàjì, fà sẹ́yìn díẹ̀, kí o tún gbìyànjú. Pẹ̀lú táyà 31 tàbí 33 àti ẹsẹ̀ tó mọ sùúrù, birfield tí Toyota fi sí i lè sìn ọ́ pẹ́. Pẹ̀lú 35, àfi èyí tí wọ́n fi chromoly, irin tó le jù, ṣe. Nítorí náà, bó bá ṣì jẹ́ 35 ló wù ọ́ lẹ́yìn tí o bá ti fi ọdún kan wà á bí mo ṣe sọ yìí, kọ̀wé sí mi padà, ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìyẹn.